Ilẹ̀ Àkọ́rà: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín

Ẹ rìn wọ àdúgbò kan ní Múṣin, Agége tàbí Ṣómólú, ẹ ó rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri rẹ̀ pé ilé náà kì í ṣe títà, kí aráyé ṣọ́ra fún 419. Onílé tó kọ ọ́ mọ ohun tí ẹni tó ń ra ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní kì í mọ̀: ẹni tó ń tà lè máà jẹ́ ẹni tó ni, síbẹ̀ kí ìwé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kó tún ní òǹtẹ̀ lára.

Nínú òwò ilẹ̀, ṣáájú ìsanwó ni gbogbo agbára olùrà wà. Nígbà yẹn, ọ̀gá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ejẹ́ńtì ń fi mọ́tò gbé e kiri, ẹbí onílẹ̀ ń gbé àga fún un. Tí owó bá ti jáde, ohun tó ṣẹ́kù fún un kò ju lọ́yà àti àdúrà lọ. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín kò kọjá iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí kí ẹnikẹ́ni tó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí yín. Èkó àti Ògùn ni mo máa gbájú mọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, láti Ìbẹ́jú-Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, Mowé àti Ṣàgámù.

Ẹni tó ń tà

Olùtà mẹ́ta ni ẹ ó máa bá pàdé jù: ẹbí onílẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀sítéètì, àti ẹni tó ti rà tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ tún un tà. Ti ẹbí ló lọ́jú pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Láti ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ti là á mọ́lẹ̀. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí nínú rẹ̀, òfìfo ni títà náà, àfi bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí olórí ẹbí bá tà á lórúkọ ẹbí, tí kò jẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀ sí i, títà náà dúró, àmọ́ àwọn tí wọn kò bi léèrè lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Bí olórí ẹbí bá sì tà á bíi pé tirẹ̀ nìkan ni, òfìfo náà ni. Ẹ rí i pé ìbọwọ́lùwé olórí ẹbí àti ti àwọn àgbà gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀. Ọ̀kan láìsí èkejì, ẹjọ́ ọ̀la ni ẹ rà.

Ta wá ni àgbà ẹbí? Kì í ṣe ẹni tí irun rẹ̀ funfun jù. Ìdí igi ni Yorùbá fi ń kà á. Bí baba tó ni ilẹ̀ bá bímọ fún ìyàwó mẹ́rin, ìdí igi mẹ́rin ló wà, aṣojú mẹ́rin ló sì yẹ kí ẹ rí lórí ìwé, bí ìdí kan bá tilẹ̀ ní ọmọ mẹ́sàn-án tí òmíràn sì ní ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ìdí igi àti orí ò jorí (kí a ka ọmọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan) yìí le débi pé wọ́n gbé ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún ẹjọ́ wa nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ìdí igi ló sì borí.

Kí ẹ tó béèrè iye, ẹ béèrè pé: baba ta ló kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ yìí? Ìyàwó mélòó ló fẹ́? Ojúlé mélòó ló wà báyìí, ta ni olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ bi ejẹ́ńtì, ẹ bi ẹnì kan nínú ẹbí, kí ẹ sì tún bi arúgbó kan tí ilé rẹ̀ wà ládùúgbò náà. Tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ẹ dúró ná. Ní Ìbàdàn, ẹ ó máa gbọ́ orúkọ mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé. Níbòmíràn, ẹ ó gbọ́ ti baálẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé baálẹ̀ ni olórí àdúgbò, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Ìwé tí baálẹ̀ nìkan fọwọ́ sí kò dí àlàfo àwọn tó ni ín.

Ẹbí mìíràn á fa ìwé ìdájọ́ yọ. Ẹ kà á dé ìparí, níbi tí adájọ́ ti sọ ohun tó fún wọn gan-an, kí ẹ sì wo sọ́fè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ọn. Èèyàn lè borí nínú ẹjọ́ éékà 10 kó wá máa fi ìdájọ́ yẹn ta éékà 200. Ẹ tún wádìí bóyá wọ́n ti gbé e lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, torí ẹni tó bá ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀ yóò jẹ nínú àbájáde ẹjọ́ náà, ì báà má mọ̀ pé ẹjọ́ wà.

Tí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹni tó ti kú ni àwọn ọmọ ń tà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti Probate Registry ti ilé ẹjọ́ gíga. Gbogbo orúkọ tó wà lórí ìwé yẹn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò kan ti àkọ́bí tó wà nílé. Bí olùtà kan kò bá mọ̀wé, ìwé náà gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn tó jẹ́rìí pé wọ́n kà á fún un ní Yorùbá, ó yé e kó tó tẹ̀ka, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́. Ohun kékeré ni, àmọ́ àìsí rẹ̀ ti tó láti jẹ́ kí ọmọ bàbá náà sọ lọ́jọ́ iwájú pé bàbá àwọn kò mọ ohun tó tẹ̀ka sí.

Ti iléeṣẹ́ ẹ̀sítéètì yára díẹ̀ láti wò. Ìbéèrè pàtàkì ni pé: ṣé wọ́n ti sanwó tán fún ẹbí? Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí ẹbí fún wọn hàn yín, pẹ̀lú sọ́fè gbogbo ilẹ̀ náà. Iléeṣẹ́ tó ń fi owó oníbàárà san gbèsè ẹbí díẹ̀díẹ̀ lè dúró lójú ọ̀nà, ẹbí á sì padà gba ilẹ̀ wọn. Ẹ ka ojú ìwé tó sọ nípa ìdápadà owó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ iye tí wọn yóò yọ sí. Ẹ ka èyí tó sọ ọjọ́ tí wọn yóò fi ilẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì béèrè owó ìwé, owó sọ́fè àti owó ìdàgbàsókè ní kíkọsílẹ̀. Ilẹ̀ tí ìpolówó rẹ̀ ń pariwo owó táṣẹ́rẹ́ máa ń ní ìdajì iye yẹn lẹ́yìn rẹ̀ tí kò sí lára páátákó.

Bóyá ìjọba ti gbà á

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti rọra, torí ẹbí lè jẹ́ olóòótọ́ látòkè délẹ̀, kí ilẹ̀ náà sì má ṣeé rà.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà. Ohun tí a ń rà gan-an ni ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀, èyí tí C of O (Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba) máa ń fúnni fún ọdún 99. Ìjọba lè gba ilẹ̀ fún ìlò aráàlú. Tó bá gbà á, ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ni òfin ní kó san owó fún. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yẹn lọ. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ òfìfo tí ìjọba wá gbà lè máà rí nǹkan kan gbà padà tó jọjú.

Ní Èkó pàápàá, ìjọba ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tipẹ́. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí ìjọba ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, wọ́n ń pè é ní committed: ojú ọ̀nà, ilé ìwé, ibùdó iléeṣẹ́, ẹ̀sítéètì ìjọba. Ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ̀dínwó yòówù kí wọ́n fún yín, torí kò sí ìwé tó lè tún un ṣe. Èkejì ni global, ilẹ̀ tí ìjọba gbà lápapọ̀ láìtíì yan iṣẹ́ fún un. Lára èyí ni ìjọba ti máa ń yọ apá kan padà fún abúlé tó wà níbẹ̀. Yíyọ yẹn ni excision, ìwé ìròyìn ìjọba tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ni gàsẹ́ẹ̀tì.

Gàsẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníbàjẹ́ fi ń jẹun jù. Abúlé kan lè ní hẹ́kítà 60, kí ìjọba yọ 15 fún wọn. Gàsẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ayédèrú, orúkọ abúlé wà nínú rẹ̀, baálẹ̀ fi í sí férémù sára ògiri. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún yín wá bọ́ sínú hẹ́kítà 45 tó ṣẹ́ kù sí ọwọ́ ìjọba. Ohun tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà ni kọ̀ọ́dínéètì tó wà nínú gàsẹ́ẹ̀tì. Orúkọ abúlé kò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá tún sọ pé "excision ń bọ̀ lọ́nà", ẹ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí: ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba lónìí.

Ọ̀nà àbáyọ ni ohun tí àwọn awọnlẹ̀ ń pè ní charting. Ẹ wá awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn awọnlẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ó jẹ́ tiyín, kì í ṣe èyí tí olùtà mú wá. Á dé orí ilẹ̀, á gba kọ̀ọ́dínéètì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á yà á sórí ìwé, á sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General (ọ̀gá awọnlẹ̀ ìjọba), Aláúsá ní Ìkẹjà fún Èkó, Òkè-Mọ́sàn ní Abẹ́òkúta fún Ògùn. Wọ́n á gbé e lé orí máàpù ìjọba, wọ́n á sì sọ bóyá ilẹ̀ náà wà lómìnira, tàbí ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, tàbí ó gun orí sọ́fè ẹlòmíràn. Ẹ gba èsì yẹn ní kíkọ sílẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ohun tí ejẹ́ńtì yóò gbà lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò.

Ẹ má gbà kí wọ́n fún awọnlẹ̀ yín ní fọ́tò sọ́fè lórí WhatsApp kó fi ìyẹn ṣe é. Sọ́fè tí wọ́n fi ránṣẹ́ lè jẹ́ ti ilẹ̀ dáadáa kan tó wà ní kìlómítà méjì sí èyí tí wọ́n mú yín lọ wò. Awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tí ẹ fi ẹsẹ̀ yín tẹ̀.

Àwọn tó mọ fóònù lò dáadáa máa ń fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn, kò burú. Àmọ́ ìlànà ìwọ̀n méjì tó yàtọ̀ ni wọ́n ń lò: kọ̀ọ́dínéètì sọ́fè wa wà lórí Minna datum, UTM agbègbè 31, nígbà tí máàpù fóònù ń lo WGS84. Bí ẹ bá kàn tẹ nọ́ńbà sọ́fè sínú fóònù láìyí i padà, àmì náà á yẹ̀ ju 100 mítà lọ, ìyẹn pulọ́ọ̀tì márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan ti tìtorí èyí fi olùtà tí kò jẹ̀bi ṣe olè, àwọn mìíràn sì fọkàn balẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. GPS fóònù fúnra rẹ̀ náà máa ń ṣìnà ní mítà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ fún ojú lásán. Kò lè rọ́pò iṣẹ́ awọnlẹ̀.

Tí ilẹ̀ bá ti ní C of O tàbí ìwé mìíràn tó ti wọ ìwé ìjọba, lọ́yà yín á tún lọ wò ó ní Land Registry, níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí. Ó nílò nọ́ńbà, ojú ìwé àti ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ sára ìwé náà. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i bóyá wọ́n ti fi ilẹ̀ náà yáwó ní báǹkì, tàbí kóòtù ti fi òfin dè é. C of O tó dùn ún wò lè wà ní àpótí báǹkì kí olùtà sì máa fi ẹ̀dà rẹ̀ rìn kiri, torí náà ẹ béèrè ojúlówó.

Pulọ́ọ̀tì mélòó nínú pulọ́ọ̀tì kan

Ní Èkó, pulọ́ọ̀tì tí àwọn àgbà mọ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, ìyẹn bíi mítà onígun 669. Ibòmíràn, 50 sí 100 ni, èyí tó jẹ́ 464. Lónìí, iléeṣẹ́ kan á pe 500 ní pulọ́ọ̀tì, òmíràn á pe 300 bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi iye mítà onígun pín owó kí ẹ tó sọ pé ilẹ̀ kan wọ́n ju òmíràn lọ. Ká ní mílíọ̀nù 6 ni wọ́n ń ta 300, mílíọ̀nù 10 ni wọ́n ń ta 669: náírà 20,000 ni mítà kan nínú ti àkọ́kọ́, nínú ti èkejì kò pé 15,000.

Éékà kan jẹ́ mítà onígun 4,047, ó sì gba pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 mẹ́fà gẹ́lẹ́, bí ẹ kò bá yọ ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ra éékà kó gé e tà gbọ́dọ̀ yọ ojú ọ̀nà kúrò, kó tó ṣe ìṣirò èrè, nígbà yẹn ló máa rí i pé mẹ́rin tàbí márùn-ún ló kù. Ibẹ̀ ni èrè àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń sọnù sí.

Ilẹ̀ kékeré ní ìṣòro mìíràn. Ìjọba kì í jẹ́ kí a kọ́lé kan ààlà. Ká ní ilẹ̀ mítà 15 sí 20 ni, tí ẹ fi mítà 3 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mítà 9 péré ló ṣẹ́ kù ní ìbú fún ilé, kí ẹ tó kan ti iwájú àti ẹ̀yìn. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí ẹ rí nínú àwòrán lè máà wọ ibẹ̀.

Ẹ lọ wò ó nígbà òjò

Ilẹ̀ tó gbẹ ní oṣù kejì lè di adágún ní oṣù keje. Tí òjò kò bá tíì dé, ẹ wo àmì omi lára ògiri àwọn aládùúgbò, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ìpìlẹ̀ wọn ga tó, kí ẹ sì wo ohun tó hù níbẹ̀. Ibi tí igi ògùrọ̀ bá pọ̀ sí, àbàtà ni. Ẹ wọ inú àdúgbò lọ bi ẹni tó ń ta omi tàbí ọlọ́kadà pé ibo ni ọkọ̀ kì í lè kọjá tí òjò bá rọ̀. Kò ní nǹkan tó fẹ́ tà fún yín.

Àbàtà kì í ṣe ohun tí ènìyàn kò lè rà, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti gbé pulọ́ọ̀tì 669 sókè ní mítà kan, yanrìn tó lé ní mítà kúbíìkì 669 lẹ ó nílò. Tí ẹ bá fi ìdá mẹ́rin kan kún un torí pé ó máa kì mọ́lẹ̀, ó di bíi 835. Típà 20 tọ́ọ̀nù ń gbé bíi mítà kúbíìkì 12 sí 13, ìyẹn típà 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè iye típà kan ládùúgbò náà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 65, ẹ fi kún owó ilẹ̀, kí ẹ tó wá sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú. Abẹ́ wáyà iná ńlá 330 kV, mítà 50 ni àyè tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ́lé sí, mítà 25 láti àárín wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti 132 kV jẹ́ mítà 30. Ẹ tún wo ibi tí páìpù epo gbà kọjá, àti etí odò àti gọ́tà ńlá. Olùtà á sọ pé àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ kò kú. Òótọ́ ni, wọn kò kú, ṣùgbọ́n ẹ wo àmì pupa tí ìjọba fi sára ògiri wọn.

Ní ti "ìṣẹ́jú márùn-ún sí Lekki Deep Sea Port" tó wà lórí páátákó, ẹ wọ ọkọ̀ èrò láti ibi ilẹ̀ náà, ẹ fi aago wò ó ní ọjọ́ Ajé ní agogo méje àárọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú á ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó

Gbogbo ìwádìí yẹn ti dára? Ó kù kí ẹ mọ iye tí ilẹ̀ máa náni lápapọ̀. Ẹ fi owó ejẹ́ńtì kún un, ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti lọ́yà náà ń rìn láàárín ibẹ̀. Sọ́fè lórúkọ yín ní owó tirẹ̀. Èkó gé owó ìfọwọ́sí gómìnà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Governor's Consent, kúrò ní ìdá 13 sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2015, àmọ́ iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá lé ilẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ mílíọ̀nù 10 lè di mílíọ̀nù 12 kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e.

Ẹ béèrè owó ọmọ onílẹ̀ tààrà: owó ìpìlẹ̀, owó fẹ́ǹsì, owó dẹ́kìn, owó òrùlé. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé iye tí ẹ san ti kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Òfin tí Èkó ṣe ní 2016 láti dáàbò bo ohun ìní dènà kí ẹnikẹ́ni fi ipá gba ilẹ̀, ọdún 10 lẹ́wọ̀n sì wà fún un. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tí wọ́n gba ṣọ́bìrì rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kò ní dúró de òfin. Àdéhùn tí olórí ẹbí ti fọwọ́ sí ló ń lé àwọn ọ̀dọ́ wọn kúrò ní kíákíá jù.

Àkáǹtì ẹbí tàbí ti iléeṣẹ́ nìkan ni kí ẹ sanwó sí, kí ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún sínú ìfiránṣẹ́. Ẹ má kó owó lọ́wọ́. Òfin tó dènà fífọ owó ní 2022 kò fàyè gba kí ẹnì kan san ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ lówó lọ́wọ́, iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 10. Ẹbí tó bá ní kí ẹ pín owó sí àkáǹtì ọmọ mẹ́fà ń sọ fún yín pé àwọn kò fọkàn tán ara wọn. Tí ẹ bá máa gbà, kí gbogbo wọn kọ orúkọ àkáǹtì àti iye sínú risíìtì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pọ̀.

Ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà: risíìtì, àti Deed of Assignment, ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ fún olùrà, tí àwọn ẹlẹ́rìí ti fọwọ́ sí, ó kéré tán ẹ̀dà mẹ́rin. Ẹ wá ìtàn ilẹ̀ nínú rẹ̀, bó ṣe dé ọwọ́ olùtà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà sọ́fè, ìwọ̀n ilẹ̀ àti nọ́ńbà òkúta ààlà. Ìwé tó kàn sọ pé "pulọ́ọ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Alhaji" kò ta ilẹ̀ kan pàtó fún ẹnikẹ́ni. Risíìtì nìkan sì fi hàn pé ẹ sanwó ni.

Lẹ́yìn tí ẹ ti rà á

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá sanwó ni kí awọnlẹ̀ ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, kí sọ́fè jáde lórúkọ yín, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní red copy. Ẹ béèrè ẹ̀rí pé ó ti ṣe é, torí àwọn kan ń gba owó rẹ̀ tí wọn kì í lọ.

Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí lórí rẹ̀ ni wọ́n ń tà lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ kọ́ fẹ́ǹsì. Àyíká pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 jẹ́ bíi mítà 110. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án bíi 230 ló máa ń wọ ìlà kan. Ìlà mẹ́rin ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn búlọ́ọ̀kù 920, ẹ ra 1,000 torí èyí tó máa fọ́. Tí agbára kò bá gbé e, ẹ gbin nǹkan, kí ẹ sì fi ẹnì kan tó ń gbé nítòsí ṣọ́ ọ, kó máa ya fọ́tò ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹni tó bá ń lo ilẹ̀ rẹ̀ ní ojú gbangba ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tí ìjà bá dé kóòtù.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Toronto, ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí ẹ̀gbọ́n yín yóò bá ṣojú yín, ẹ fún un ní ìwé àṣẹ tí nótárì fọwọ́ sí, kí ìwé náà sọ ilẹ̀ kan pàtó àti iye kan pàtó. Orúkọ yín ni kó wà lórí sọ́fè àti Deed láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ "kí a kọ ọ́ lórúkọ mi ná, màá yí i padà" ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá jẹ́, ó sì nílò owó ìfọwọ́sí lẹ́ẹ̀kejì láti tún un ṣe.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ bí ejẹ́ńtì, ọ̀nà tó dára ni. Ní Èkó, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀. Bí ẹ bá ń bójú tó ilé ìyágbé, ẹ mọ òfin 2011 tó kan ayálégbé: ẹni tuntun, a kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń san lọ́dọọdún, tí kò sí àdéhùn mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje. Òfin yẹn kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti Ìkẹjà GRA. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ èyí, wọ́n á ní kí ẹ já ilẹ̀kùn ẹnì kan. Ẹ má já a, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ mú.

Kí owó ilẹ̀ má sì gba inú àkáǹtì yín kọjá, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan. Kí olùrà san án tààrà fún olùtà, kí wọ́n san tiyín lọ́tọ̀ pẹ̀lú risíìtì tirẹ̀. Tí ìdúnàádúrà bá dàrú, tí ìdá 10 péré ti gba ọwọ́ yín, ìdá 10 ni ẹ ó dá padà. Tí gbogbo rẹ̀ bá gba ọwọ́ yín, ẹ̀yin ni wọ́n ń bọ̀ wá bá nílé.